Àlá tí ẹ lá, ṣé ó ṣẹ rí?

Àdùkẹ́: Ẹ káàsán o. Ìyá mi pè mí láàárọ̀ yìí pé eyín mi yọ lójú àlá àwọn, kí n má lọ sí Èkó lọ́la. Iṣẹ́ ni mo ń bá lọ o. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ṣé ó ṣẹ?

Olóyè Kékeré: Eyín kẹ̀? Àdúrà ni o.

Ìyá Yétúndé: Tèmi ṣẹ. Mo wà nínú oyún nígbà tí màmá bàbá mi wá bá mi lójú àlá, wọ́n gbé igbá funfun lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má jẹ́ kó fọ́. Wọn ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n jáde láyé. Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún. Ọjọ́ tí mo bí, obìnrin ni, àmì tó wà lẹ́yìn etí màmá sì wà lẹ́yìn etí tirẹ̀ náà! Kò sẹ́ni tó bá wa jiyàn lórí orúkọ. Fáráò náà lá àlá màlúù méje, ṣé ìyàn ò mú ni?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ kú oríire ọmọ, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, olóògbé ni yóò máa rí. Láti 1953 ni Aserinsky àti Kleitman ní Yunifásítì Chicago ti kọ ọ́ pé ìgbà kan wà lójú oorun tí ẹyinjú máa ń yí kiri, ìgbà yẹn ni àlá máa ń pọ̀. Ara kì í lè mira nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa ń lajú tí kò lè pariwo, tí yóò ní àjẹ́ ló tẹ òun mọ́lẹ̀.

Ìyá Yétúndé: Àmì ẹ̀yìn etí ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín, mà.

Ọmọ Alùfáà: Hádíìsì ti là á: àlá rere, ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ló ti wá. Tó bá jẹ́ burúkú, tutọ́ sápá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, tọrọ ààbò Ọlọ́hun, yí ẹ̀gbẹ́ padà, má sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Olóyè Kékeré: Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ló ń gbé.

Bọ̀dé: Kí ìyá wa ti gbọ́ ìyẹn! Ẹ̀gbọ́n mi mú àfẹ́sọ́nà wálé, ìyá wa rí i nínú aṣọ funfun létí odò lójú àlá. Wòlíì kan ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni, ó gbowó ìwẹ̀nùmọ́ tán, ó tún ní kí wọ́n má fẹ́ra. Ọmọ yẹn ti wà nílé ọkọ ní Abẹ́òkúta báyìí, ó ti bímọ mẹ́ta, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì fẹ́ ẹnì kankan. Wọn kì í jẹun nílé ìyá wa mọ́.

Ṣadé: Ó mà ṣe o. Wòlíì yẹn dá owó padà?

Olóyè Kékeré: Wòlíì wo?

Kọ́lá Ìlọrin: Ẹ̀gbọ́n yín ni mo dá lẹ́bi o. Ṣe ni kí wọ́n fẹ́ ẹ.

Bọ̀dé: Kọ́lá, ìyá tó kúnlẹ̀ fún ọ, tó ń sunkún láago méjì òru, o ó kọjá lórí ẹ̀?

Ìyá Yétúndé: Kò lè kọjá. Ṣùgbọ́n àlá ò jẹ̀bi, wòlíì ló jẹ̀bi.

Ṣadé: Èmi, iyán ni mo jẹ lójú àlá, àǹtí mi ní kí n gbààwẹ̀. Ebi ni mo gbé sùn o!

Ìyá Yétúndé: Má fi jíjẹun lójú àlá ṣeré. Ta ló gbé e fún ọ?

Ṣadé: Mi ò rójú ẹ̀.

Olóyè Kékeré: Hẹ̀n-ẹ́n!

Kọ́lá Ìlọrin: Ṣé ẹran wà níbẹ̀?