Òtẹ́ẹ̀lì etí òkun tí kò wọ́n jù fún tọmọtọmọ: Fidjrossè, Ouidah àbí Grand-Popo?

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Tí iléèwé bá ti gba họlidé, a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sétí òkun lọ́nà Kútọnu lóṣù kẹjọ. Èmi, bàbá wọn, àwọn ìbejì tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n wọn, àti màmá ọkọ mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. A ò fẹ́ èyí tó wọ́n gọbọi, a ò sì fẹ́ èyí tí a ó máa bá ẹ̀fọn jà mọ́jú. Bàbá ìbejì ní Fidjrossè ni torí pé inú Kútọnu náà ni, ojú èmi wà lára Ouidah àti Grand-Popo, àmọ́ gbogbo òtẹ́ẹ̀lì tí mo wò lórí fóònù ló ní òun kọjú sókun. Kí ni kí n bi wọ́n kí n tó sanwó?

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ kú àbójútó mà. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ ti pé àwọn ọmọ máa wẹ̀ nínú òkun kúrò lọ́kàn. Òkun ọ̀hún ò ṣeé bá ṣeré rárá, láti Kútọnu títí dé Lomé, omi tó ń padà sẹ́yìn yẹn á wọ́ géńdé lọ ká má tíì sọ ìbejì ọlọ́dún mẹ́fà, oṣù keje sí ìkẹsàn-án gan-an sì ni ìgbì máa ń le jù. Suwímíìn púùlù lẹ fẹ́ yàn. Kí ẹ bèèrè bóyá ó ní ibi tí kò jìn fún ọmọdé, tí kò bá ní, ẹ fò ó.

Fidjrossè dáa fún àwọn ọ̀dọ́, ilé ọtí àti orin pọ̀ níbẹ̀ ní wíkẹ́ńdì, màmá ò ní sùn. Ouidah tó nǹkan bí kìlómítà 40 sí Kútọnu. Òtẹ́ẹ̀lì Casa del Papa wà lọ́hùn-ún, òkun ní iwájú, ọ̀sà ní ẹ̀yìn, púùlù wà, àmọ́ ó jìnnà sí ìgboro, oúnjẹ tí wọ́n bá sè lẹ máa jẹ, iye tí wọ́n bá sì pè é lẹ máa san. Grand-Popo ṣì wà níwájú dáadáa, ó lé ní kìlómítà 80 sí Kútọnu. Ibẹ̀ ni èmi fẹ́ràn jù o, ó dákẹ́, àgbọn ló kún ibẹ̀, ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wo ibi tí odò Mono ti ń wọ òkun. Ṣùgbọ́n ìrìn yẹn pọ̀ fún orúnkún màmá.

BabaṢọlá_Agége
Gbogbo yín ò sọ ti bọ́dà Seme? Ṣé ẹ mọ iye ibi tí wọ́n ti máa dá mọ́tò dúró kí ẹ tó kúrò ní Àgbádárìgì? La Campagne Tropicana, ibi ìgbafẹ́ etí òkun, wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì níbí, òkun wà, ọ̀sà wà, náírà lẹ ó fi san án. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kútọnu, yúrò ni wọ́n so ó mọ́, yúrò kan ni sẹ́fà 655.957, ìyẹn kì í yí, náírà tiwa ló ń sá kiri.

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Baba Ṣọlá 😂 òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ èyí ẹ̀gbọ́n ń kọ́ Faransé nílé ìwé, ó ti ní òun lòun máa bá wọn nájà.

Abẹ̀ní_Ìlaròó
Ẹ̀gbọ́n, "kọjú sókun" yẹn, ẹ fura sí i o. Èyí tí àwa lọ, títì wà láàárín àwa àti òkun, yàrá wa sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ, àfi ìgbà tí mo fariga kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò yàrá yín gan-an ránṣẹ́ lórí WhatsApp, látẹnu ọ̀nà títí dé etí omi. Ẹ bèèrè yàrá ilẹ̀ fún màmá, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní líìfù, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ọ̀nà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ni màmá máa gbà dé púùlù àbí inú yanrìn. Ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè fi yanrìn ṣe ọ̀nà. Ẹ tún bèèrè ti jẹnẹrétọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti bóyá oúnjẹ àárọ̀ ti wà nínú owó yàrá fún ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí ẹni méjì péré ni àwọn míì máa ń kà.

ỌmọÀjàṣẹ́
Abẹ̀ní ti sọ ọ́ tán. Kí olúkúlùkù ọmọ ní pásípọ́ọ̀tù tiẹ̀, kí ẹ mú yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára) dání.

ÌyáÌbejì_Bódìjà
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ouidah la máa sùn nítorí màmá. Ṣé a lè lọ Grand-Popo láàárọ̀ ká padà lálẹ́?

ỌmọÀjàṣẹ́
Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ tètè jáde, kí ẹ sì ti bá onímọ́tò sọ iye tálọtàbọ̀ láti Ouidah, torí tí ilẹ̀ bá ti ṣú, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè.