Ìlò jíìnì ni mo fara mọ́, kì í ṣe ìfarahàn jíìnì

Àbá mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe túmọ̀ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gene expression sí Yorùbá, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mú jíìnì, ìlànà àjogúnbá inú rẹ̀, ṣiṣẹ́. Àwọn kan ní kí á pè é ní ìfarahàn jíìnì, àwọn kan ní ìsọ̀rọ̀ jíìnì, àwọn mìíràn sì fara mọ́ ìtumọ̀ jíìnì. Ìlò jíìnì ni èmi fẹ́ fi kún un, n ó sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbà pé òun ni ó bá iṣẹ́ náà mu jù lọ, pàápàá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọpọlọ ọmọ àti àwọn ìṣòro tí ń dé bá ìdàgbàsókè rẹ̀. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì gan-an.

Bí a bá yọ díẹ̀ sílẹ̀, bíi sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, àkójọ jíìnì kan náà ni ó wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kan. Àwọn jíìnì tí ó ní ìlànà bí a ṣe ń to purotéènì, ìyẹn àwọn èròjà tí ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì, nínú àkójọ náà tó nǹkan bí 20,000. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní wọn, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà ní wọn. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé gbogbo jíìnì tí èyí ń lò kọ́ ni ìyẹn ń lò. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ lo jíìnì kan, yóò da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kọ sórí RNA ìránṣẹ́, RNA náà yóò jáde kúrò nínú kóró sẹ́ẹ̀lì, a ó sì fi ìlànà tí ó gbé dání to purotéènì. RNA yìí ni àwọn onímọ̀ ń kà láti mọ jíìnì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá pọ̀, ìlò jíìnì náà pọ̀. Bí ó bá kéré, ìlò rẹ̀ kéré. Bí kò bá sì sí rárá, jíìnì náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò lò ó. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò wá ọ̀rọ̀ náà, lò, kiri nínú àlàyé yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wá sí ẹnu, ẹ̀rí kan sì nìyẹn fún mi.

Ìtumọ̀ kò lè dúró, nítorí pé ìpele kan wà nínú iṣẹ́ náà, èyí tí a ti ń fi RNA to purotéènì, tí gbogbo ayé ń pè ní ìtumọ̀ (translation). A kò lè fi orúkọ apá kan pe odidi. Ìsọ̀rọ̀ ń mú kí olùkàwé béèrè pé ta ni jíìnì ń bá sọ̀rọ̀.

Ìfarahàn ni ó lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀: ó dùn ún gbọ́, ó sì ti wà lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fara hàn ni ohun tí ojú rí: gíga, àwọ̀ ojú, bí ọmọ ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀. A nílò ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn àmì tí a ń rí lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ìlò jíìnì inú sẹ́ẹ̀lì àti àmì ara lè jìnnà síra wọn gan-an. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì lo máàpù ìlò jíìnì nínú ọpọlọ ọmọ inú oyún, wọ́n sì wádìí ibi àti ìgbà tí àwọn jíìnì tí ó jẹ mọ́ ọ́tísìmù, ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tí ó máa ń kan bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn ṣe, máa ń wà ní lílò jù. Àárín ìgbà oyún ni ìwádìí wọn tọ́ka sí, nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì èèpo ọpọlọ tí ó ń dàgbà lọ́wọ́. Àwọn àmì ọ́tísìmù, ní tiwọn, sábà máa ń hàn nígbà tí ọmọ bá ti pé bí ọdún kan sí mẹ́ta. Bí a bá wá kọ ọ́ pé ìfarahàn àwọn jíìnì ọ́tísìmù pọ̀ jù ní àárín ìgbà oyún, òbí tí ó bá kà á lè rò pé dókítà lè fojú rí ọ́tísìmù nínú ilé ọmọ. Ìpalára gidi ni irú àṣìgbọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán.

Ẹ tún wo ìṣòro Angelman, ọ̀kan lára àwọn ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ ọmọ. Jíìnì tí ọ̀rọ̀ kàn níbẹ̀ ni UBE3A, ọmọ a sì máa gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ ìyá, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá. Nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara, ẹ̀dà méjèèjì ni ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ nínú níúrọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ń gbé ìròyìn, ti ìyá nìkan ni a ń lò. Bí ti ìyá bá sọnù tàbí tí ó bàjẹ́, ọmọ náà yóò ní Angelman, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dà ti bàbá wà níbẹ̀ láìlábàwọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àìlò, ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bákan náà ni ti jíìnì FMR1, tí a rí ní ọdún 1991: bí CGG, lẹ́tà mẹ́ta nínú àkọsílẹ̀ jíìnì, bá tún ara rẹ̀ kọ ju ìgbà 200 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì a máa ti jíìnì náà pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà purotéènì inú rẹ̀ kò yí padà. Èyí ni ó ń fa ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tí a mọ̀ sí Fragile X.

Ìwọ̀n ìlò náà ṣe pàtàkì. Ní ọdún 1999 ni àwọn olùwádìí tí Huda Zoghbi darí fi hàn pé àbùkù inú jíìnì MECP2 ni ó ń fa ìṣòro Rett, òun náà jẹ́ ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ. Iṣẹ́ purotéènì rẹ̀ ni láti darí ìlò àwọn jíìnì mìíràn nínú níúrọ́ọ̀nù. Bí ẹ̀dà MECP2 bá di méjì níbi tí ó yẹ kí ọ̀kan wà, ìṣòro ńlá mìíràn ni. Ìlò gba irú ọ̀rọ̀ báyìí láìjanpata: àìlòtó, ìlòjù, ìlò déédéé. Mi ò mọ bí a ó ṣe sọ ìfarahàn-jù kí ó dún bí Yorùbá.

Àtakò kan tọ́ sí ìdáhùn. Wọ́n ní ẹni tí ó bá gbọ́ ìlò jíìnì lè rò pé ènìyàn ni ó ń lo jíìnì, bóyá fún ìwòsàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo dábàá pé kí á kọ ọ́ ní kíkún ní ìgbà àkọ́kọ́, ìlò jíìnì nínú sẹ́ẹ̀lì, kí á sì fi ìfi-jíìnì-ṣèwòsàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn dókítà. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé máàpù ọpọlọ àgbàlagbà jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ohun tí wọ́n fi ya ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì tí ó lé ní 3,000 sọ́tọ̀ ni irú jíìnì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò. Sẹ́ẹ̀lì ni olùlò, kò sì ṣòro láti gbọ́ ọ.

Lórí àbá tí ẹnìkan mú wá pé kí á pe gbogbo ìṣòro wọ̀nyí ní àrùn ọpọlọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí á gbà á. Wèrè ni ọ̀pọ̀ olùkàwé yóò gbọ́. Ìṣòro ìdàgbàsókè ọpọlọ tó.

Kí ẹni tí ó bá ṣì fara mọ́ ìfarahàn jọ̀wọ́ tún àlàyé mi lórí UBE3A kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn, kí á gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí á sì fi han àwọn òbí àti àwọn nọ́ọ̀sì tí kò sí nínú àríyànjiyàn yìí, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ fún wa.