Sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ wo ló lè ka iye ojú ìwé fáìlì rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà?

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì iléèwé gíga kan n'Íbàdàn. Tó bá ti di àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ á kàn ju fláàṣì sórí tábìlì: "Mà, èló ni gbogbo ẹ̀?" Kí n ṣí i, fáìlì lọ súà! Orí kìíní lọ́tọ̀, ìwé ìbéèrè lọ́tọ̀, àfikún lọ́tọ̀, PDF dà pọ̀ mọ́ Word. Kí n tó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n ro ó pọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ti yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Windows ni mo ń lò. Mi ò fẹ́ èyí tí màá máa sanwó ẹ̀ lóṣooṣù, mi ò sì fẹ́ gbé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sórí wẹ́ẹ̀bù tí mi ò mọ̀ dénú. Kí lẹ ń lò?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà
Àǹtí, ExifTool ni kẹ́ ẹ wá, òun ló ń ka ìsọfúnni tó wà nínú fáìlì. Phil Harvey ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́tò làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, àmọ́ ó ń ka PDF àti docx (fáìlì Word) náà. Tẹ́ ẹ bá gbé e wálẹ̀, exiftool(-k).exe lẹ máa bá, ẹ yí orúkọ ẹ̀ sí exiftool.exe. Ẹ da ohun tó wà nínú fláàṣì sínú fódà kan, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows) níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ:

exiftool -r -csv -PageCount -Pages . > iye.csv

PageCount ni ti PDF, Pages ni ti Word. Ẹ fi Excel ṣí iye.csv, kẹ́ ẹ ro ó pọ̀.

Baba Linux
Òótọ́ lọmọ yìí sọ, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ti Word. Síìpù (àpò tí wọ́n kó fáìlì kéékèèké sí) ni docx, nínú docProps/app.xml ni iye yẹn wà, iye tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ nígbà tí wọ́n sééfù ẹ̀ kẹ́yìn ni. Fáìlì míì ò tiẹ̀ ní in. Bí fọ́ǹtì tọ́mọ náà lò ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀rọ̀ á sún, ojú ìwé á lé. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di PDF, ohun tẹ́ ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́ gan-an sì ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Tó bá jẹ́ LibreOffice, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ bíi Word, lẹ ń lò:

soffice --headless --convert-to pdf *.docx

Lẹ́yìn ìyẹn, iye tẹ́ ẹ bá rí ò ní yí padà mọ́.

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé
Ẹ ṣeun gan-an, sà. Aláwọ̀ ńkọ́? Owó ẹ̀ yàtọ̀ sí dúdú, ibẹ̀ gan-an nìjà wà.

Baba Linux
Ghostscript, sọ́fítíwià tó ń ka PDF, ọ̀fẹ́ lòun náà:

gswin64c -o - -sDEVICE=inkcov pirojeti.pdf

Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa kọ fún ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta àkọ́kọ́ fún yíǹkì aláwọ̀, ẹ̀kẹrin fún dúdú. Bí mẹ́ta àkọ́kọ́ bá jẹ́ 0.00000, dúdú nìkan ni. Ẹ má fọkàn tán an lórí ohun tí wọ́n fi sìkáánà yà láláwọ̀ o, bébà tó ti pọ́n á jáde bí aláwọ̀. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n to àwọn ìwé tí wọ́n lò sí: línkì búlúù kan ṣoṣo ti tó láti sọ odindi ojú ìwé di aláwọ̀.

Àdùkẹ́ Alátẹ̀wé
Ẹ̀n-ẹ́n! Abájọ tí prínńtà mi fi ń ka aláwọ̀ níbi tí mi ò ti rí àwòrán kankan. Láti ìsinsìnyí lọ, màá máa bi wọ́n bóyá kí n sọ línkì wọn di dúdú kí n tó dá iye lé e.