Yàrá gidi nínú Hammer: ìwọ̀n pé, síbẹ̀ ó há

Àrẹ̀mú_Máàpù:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Yàrá oníbúlọ́ọ̀kù kan ni mo ń fi Hammer (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ máàpù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù) kọ́ fún géèmù ìbọn Counter-Strike: Source. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní 10 ni, àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ 9, ilẹ̀kùn jẹ́ 3 ní 7, fèrèsé onílúfà kan sì wà lára ògiri ìlà oòrùn. Yúníìtì 16 (ìwọ̀n tí Hammer ń lò) ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn ni pé ilẹ̀ jẹ́ 192 ní 160. Téèpù ò ṣì níbì kankan. Àmọ́ tí mo bá ti wọlé, ṣe ló há bí inú páálí, tábìlì dé àyà, ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò ṣeé gbà kọjá. Lẹ́yìn náà, láti ìgbà tí mo ti sọ lúfà di func_detail (búlọ́ọ̀kù tí Hammer kà sí ọ̀ṣọ́ lásán) ni máàpù ti ń jò, ìyẹn ni pé ihò wà tó já sí òfìfo ìta. Kí ni kí n ṣe?

Gíríìdì_Mẹ́jọ:
Ìṣirò yín tọ̀nà. Ẹni tó ń rìn nínú géèmù ni kò bá yàrá mu. Ojú rẹ̀ wà ní yúníìtì 64. Ẹ fi 16 pín 64: ẹsẹ̀ bàtà 4 péré! Ojú ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń wo yàrá náà, ìdí nìyẹn tí tábìlì oní-íńṣì 30, tó di 40, fi dé àyà. Síbẹ̀ ara rẹ̀ fẹ̀ ní 32, odindi ẹsẹ̀ bàtà 2. Tó bá mú ọ̀bẹ dání, 250 ló ń sá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó ṣẹ́jú, ó ti ti ògiri kan dé èkejì. Híhá tẹ́ ẹ ń rí nìyẹn.

Ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ fẹ̀: ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́rin kún un, yóò di 240 ní 200. Ẹ má fọwọ́ kan àjà, 144 ti ga tó lójú ẹni tí ojú rẹ̀ wà ní 64. Ilẹ̀kùn náà, ẹ fi sílẹ̀ ní 48 ní 112. Ẹ rẹ tábìlì sílẹ̀ sí 32, ìjókòó àga sí 20. Ẹ má jẹ́ kí àga wálẹ̀ dé 18 o! Ohun tí kò bá ju 18 lọ, ńṣe ni wọ́n máa ń gùn ún láìfò, àga yín á di àtẹ̀gùn. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ fún un ní 48.

Ìyá_Texture:
Mo gbà, àmọ́ ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú táìsì. Ẹni tó bá mọ yàrá kan mọ iye táìsì tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ilẹ̀kùn, bí kò tiẹ̀ kà á rí. Tó bá jẹ́ oní-íńṣì 12 ni, 12 ní 10 ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fẹ ilẹ̀: táìsì kan á di yúníìtì 20. Ẹ ya fọ́tò táìsì mẹ́rin ní mẹ́rin, ẹ gé e sí 512 ní 512, ẹ fi ètò VTFEdit sọ ọ́ di VTF, irú fáìlì àwòrán tí géèmù náà ń lò. Scale rẹ̀ (iye yúníìtì tí ojú àmì kan nínú àwòrán ń gbà) á jẹ́ 0.15625, kì í ṣe 0.25 tí Hammer ń gbé kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò náà nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú, ẹ pa iná fóònù. Bí òjìji bá ti wà nínú fọ́tò, yóò máa bá oòrùn inú máàpù jà.

Gíríìdì_Mẹ́jọ:
Ti jíjò yẹn: func_detail kì í dí ihò, prop (ohun tí a ṣe níta Hammer, tí a gbé wọlé) pẹ̀lú kì í dí i. Ẹ lọ sí Map, ẹ tẹ Load Pointfile, ẹ tọ ìlà pupa yẹn lọ; dájúdájú ojú fèrèsé ni yóò gbà jáde. Ẹ kọ́ àpótí kékeré kan sẹ́yìn fèrèsé, kí ògiri rẹ̀ jẹ́ toolsskybox (àwòrán tó ń fi ojú ọ̀run hàn), kó lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá pinpin. Àwọn kan máa ń fi àpótí ńlá kan bo gbogbo máàpù. Ìyẹn fi jíjò pamọ́ ni, kò dí i, vvis (ètò tó ń ṣírò ibi tí a lè rí láti ibòmíràn) á sì máa ṣiṣẹ́ lórí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní dé.

Lúfà fúnra rẹ̀, Blender (ètò tí a fi ń ya ohun onígun mẹ́ta) ni kí ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ gbé e wọlé bíi prop_static, ìyẹn prop tí kì í mì. Brush (búlọ́ọ̀kù tí a kọ́ nínú Hammer fúnra rẹ̀) tẹ́ ẹ bá yí dágẹ̀rẹ̀ máa ń kúrò lórí gíríìdì, àwọn ìlà ìwọ̀n inú Hammer, igun rẹ̀ kì í sì í ṣe déédéé mọ́. Ẹ fi -StaticPropPolys kún àṣẹ vrad (ètò tó ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ àti òjìji), àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjìji lúfà lè jábọ́ bíi ti pákó kan ṣoṣo. Ibi tí oòrùn ń bọ́ sí lórí ilẹ̀, ẹ dín lightmap scale rẹ̀ (bí àmì ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe tóbi tó lórí ilẹ̀) kù láti 16 sí 4. Awẹ́ lúfà oní-íńṣì 6 kò ju yúníìtì 8 lọ, 16 á pa gbogbo wọn pọ̀ di àbàwọ́n. Ẹ má ṣe 4 yí gbogbo yàrá ká o, kọ́ńpáìlì (sísọ máàpù di ohun tí géèmù lè lò) á pẹ́, fáìlì á wú.

Àrẹ̀mú_Máàpù:
Ẹ ṣeun gan-an. Ògiri búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 9 ńkọ́? Ṣé kí n fẹ òun náà?

Ìyá_Texture:
Rárá. Yúníìtì 12 ni, ó jókòó dáadáa lórí gíríìdì 4. Ẹnu ọ̀nà àti ojú fèrèsé nìkan ni wọ́n ti ń rí bó ṣe nípọn tó. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 16, férémù ilẹ̀kùn yín á rì sínú ògiri.