Wọlé-wọlé fún wa ní ìwé nílé ẹbí wa l'Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ta ló máa tún un ṣe?

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ilé bàbá bàbá mi ni mò ń gbé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan báyìí l'Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Yàrá méjì tí wọ́n pín fún bàbá mi wà lókè, ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta tí a fi háyà wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọlé-wọlé dé. Wọ́n ní gọ́tà iwájú ilé ti dí, omi sókàwé wa ń ṣàn bọ́ sínú rẹ̀, fàráńdà òkè tó kọjú sí títì sì ti là. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa. Èmi ni wọ́n bá nílé, orúkọ mi ni wọ́n kọ sínú ìwé náà. Látìgbà yẹn, oorun ò kùn mí.

Mo pe Dáwódù wa, wọ́n ní kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbébẹ̀ lọ yanjú ẹ̀. Àbúrò bàbá mi tó ń gbé Agége ní òun ò ní dá kọ́bọ̀ sí ilé tí òun ò sùn. Owó ṣọ́ọ̀bù sì ń wọlé lọ́dọọdún, ọwọ́ ẹnì kan ló wà, a ò rí ìṣirò rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lọ bá bíríkìlà kan pé kó wá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó là kí wọlé-wọlé tó padà wá.

Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀? Ta ló yẹ kó sanwó? Tí mo bá fi owó ara mi tún un ṣe, ṣé wọn ò ní ní mo fẹ́ gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́?

Bàbá Wọlé-wọlé Àtijọ́

Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá nílé ni wọ́n máa ń fún níwèé, ìyẹn ò ní kí gbogbo gbèsè di tiyín. Ẹ má ṣáà fi ìwé náà pamọ́. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì tó ti wá kí ọjọ́ méje tó pé, kí ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣe àtèyí tó kù. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún púpọ̀ ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá wá bá wa fúnra rẹ̀, a máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá tilẹ̀kùn mọ́rí la máa ń ti ilé rẹ̀ pa.

Gọ́tà ò nílò ìpàdé ẹbí kankan. Gọ́tà iwájú ilé, tará ilé ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nígbà tí ìjọba fagi lé kónílé-ó-gbélé ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù ní 2016, ojúṣe náà bá a lọ. Kò bá a lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ lọ́la. Ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó jáde, ẹ má kó o jọ sétí gọ́tà, torí òjò kan péré ló máa kó o padà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, ẹ dì í sínú àpò, kẹ́ ẹ bá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò yín sọ̀rọ̀.

Ti sókàwé le jù. Omi ilẹ̀ ò jìnnà l'Erékùṣù, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè kún. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fà á. Páìpù tí ẹnì kan bá ti tọ́ láti ibẹ̀ sínú gọ́tà, ẹ yọ ọ́ kúrò, torí òun ló lè mú kí wọ́n ti gbogbo ilé pa.

Bíríkìlà Muṣin

Ẹ dákun, ẹ dá bíríkìlà yẹn dúró! Iṣẹ́ mi ni, mo sì ń bẹ̀ yín. Irin tó wà nínú kọnkéré ló ti dípẹtà. Tí irin bá dípẹtà, ńṣe ló máa ń wú, òun ló ń ti kọnkéré títí tó fi là. Atẹ́gùn òkun oníyọ̀ tó wà l'Erékùṣù tún ń mú kó yá. Sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ bá rẹ́ sójú ẹ̀, ojú yín lẹ ń tàn.

Lónìí, ẹ kó gbogbo ohun tó wúwo kúrò lórí fàráńdà yẹn: dúrọ́ọ̀mù omi, jẹnẹrétọ̀, ìkòkò òdòdó pàápàá. Kí ẹnikẹ́ni má dúró síbẹ̀, kí ọmọ kankan má ṣeré lábẹ́ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnjiníà. Yàrá ìdánwò ohun èlò ìkọ́lé ti ìjọba Èkó lè yẹ̀ ẹ́ wò láìfọ́ ọ. Ẹ má sì fọwọ́ kan òpó tàbí dẹ́kìn láìgba ìyọ̀ǹda, LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, lè dá iṣẹ́ náà dúró.

Ọmọ Ìta Fáàjì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti bíríkìlà yìí. Ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, mo wà ládùúgbò nígbà tí ilé tí iléẹ̀kọ́ wà lókè ẹ̀ wó. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti sàmì sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n wó o. Mi ò lè gbàgbé ariwo àwọn ìyá ọmọ lọ́jọ́ náà.

Lọ́yà Ẹ̀búté Mẹ́ta

Ìyá Ìbejì, lórí owó. Ilé ẹbí ni, àwọn tó ni ín lápapọ̀ ló ni àtúnṣe rẹ̀, tibi tí wọ́n ń gbé ò kàn án. Owó háyà ṣọ́ọ̀bù, owó ẹbí ni. Òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná, kí ẹni tó ń gbà á sì gbé ìṣirò wá síwájú ẹbí. Tẹ́ ẹ bá fi owó yín kún un, ilé ò ní tìtorí ẹ̀ di tiyín, kóòtù ti sọ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Torí náà, kí ẹ̀rù yẹn má bà yín, kí ìrètí yẹn náà má sì sí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nípàdé pé ẹ yá ẹbí lówó, kí Dáwódù àtàwọn àgbà fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Tí ìpàdé bá dìjà, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ibi tí ìjọba Èkó ti ń bá èèyàn parí ìjà láìdé kóòtù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Ayálégbé Ṣómólú

Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, àwa tá a háyà ńkọ́? Lándílọ́ọ̀dù mi ní kí n tún òrùlé ṣe.

Lọ́yà Ẹ̀búté Mẹ́ta

Rárá. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 ní onílé ló ni àtúnṣe ara ìta ilé àtibi tí gbogbo yín jọ ń lò. Tiyín ni kí inú yàrá yín wà dáadáa, yàtọ̀ sí ohun tó bá gbó fúnra rẹ̀. Òfin náà dé Ṣómólú. Apapa, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà ni kò dé.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sétí Dáwódù látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo kan ti Ìta Fáàjì, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá ní ká pàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí ẹni tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù mú ìwé rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí bíríkìlà má wá mọ́. Dúrọ́ọ̀mù méjèèjì ti wà nísàlẹ̀, mo sì ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà fàráńdà. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń bọ̀ wá gbẹ́ gọ́tà láàárọ̀ ọ̀la, èmi ni màá se oúnjẹ.