Omi tó wà lábẹ́ tapólìn: bí a ṣe ń dáàbò bo páálí bóòtù àti ìṣó ní sáìtì

Ọmọ Ìlá (Manchester)

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ilé kíkọ́ níbí.

Oṣù kẹjọ mi rèé ní sáìtì kan tí wọ́n ti ń fi irin kọ́lé. Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ẹrù: bóòtù, nọ́ọ̀tì, wọ́ṣà, ìṣó, skúrù, gbogbo rẹ̀ nínú páálí. Nígbà tí yàrá ẹrù kún, wọ́n ní kí n kó páálí mẹ́rìnlélógún síta. Mo tò wọ́n sílẹ̀, mo fi tapólìn wé wọn, mo ká etí rẹ̀ sábẹ́, mo fi okùn dì í pinpin, mo tún gbé bíríkì lé e lórí. Mo fara balẹ̀ ṣe é, n kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un rárá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la ṣí i. Bí mo ṣe gbé páálí àkọ́kọ́ báyìí, ìdí rẹ̀ já, bóòtù dà sínú ẹrẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ara wọn funfun bí ìgbà tí èèyàn fi ẹfun kùn wọ́n. Ìṣó tí kò ní síńkì lára, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń bo irin kó má baà dógùn-ún, ti dógùn-ún, ó pọ́n bí osùn. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara páálí ti ṣí bọ́ sílẹ̀, a ò mọ èyí tí í ṣe èwo mọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òjò ò ja tapólìn yẹn. Òkè rẹ̀ ò lu, inú rẹ̀ ló tutù. Ibo ni omi ti wá? Ọ̀gá wa sì ti sọ pé owó wọn máa jáde nínú owó-iṣẹ́ mi. Oorun ò kùn mí láti ọjọ́ méjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Leeds)

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Omi òkè lò ń sá fún. Omi ilẹ̀ àti omi inú afẹ́fẹ́ ló mú ẹ.

Rántí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì lọ́sàn-án gangan. Kó tó pẹ́, ara rẹ̀ á ti máa làágùn, omi á máa ṣàn sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó da omi sí i lára. Inú afẹ́fẹ́ lomi yẹn wà tẹ́lẹ̀, ara tútù ìgò ló fà á jáde. Bóòtù náà nìyẹn. Lóru, irin á tutù wọra. Bílẹ̀ bá mọ́ tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, irin á ṣì tutù, á wá máa làágùn. Ilẹ̀ ibí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ nígbà òtútù, ooru omi ń ti inú rẹ̀ gòkè wá. Nígbà tí o ká etí tapólìn sábẹ́ tí o sì dì í pinpin, ńṣe lo ti ilẹ̀kùn mọ́ omi nínú ilé. Páálí ló wá ń mu ún. Páálí tó bá sì ti mumi, kò lè gbé irin mọ́.

Ẹfun tí o rí yẹn, síńkì ló ń jẹ bẹ́ẹ̀. Síńkì tuntun nílò afẹ́fẹ́ kí awọ tó ń dáàbò bò ó tó lè dì sí i lára. Bómi bá há sáàárín bóòtù méjì tí afẹ́fẹ́ ò sì débẹ̀, awọ yẹn ò ní dì, síńkì á kàn máa di lẹ́bú funfun. Èyí tí wọ́n kàn fi síńkì pa lára fẹ́rẹ́, tó ń dán bíi fàdákà, bíi máíkírónì 5 sí 8 ni síńkì rẹ̀ nípọn (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mílímítà kan), kò lè pẹ́ nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n rì sínú síńkì yíyọ́ máa ń ju 40 lọ. Ìyẹn lágbára díẹ̀.

Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tó ga, tí omi ò ti ní dúró. Mo tẹ́ ọ̀rá nípọn sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀ yàrá, tí wọ́n kọ 1200 gauge sí. Àjákù rẹ̀ pọ̀ ní sáìtì. Òun ló ń dí ooru ilẹ̀. Pálẹ́ẹ̀tì, pákó tí wọ́n kàn pọ̀ láti máa to ẹrù lé, á gun orí rẹ̀, kí páálí ìsàlẹ̀ ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀. Mo fi àlàfo tí ọwọ́ lè gbà sílẹ̀ láàárín páálí kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà ni tapólìn kàn, tapólìn ò sì gbọdọ̀ fara kan páálí. Mo máa ń fi igi kọ́ ọ bí àtíbàbà tí wọ́n ń pa níbi òde nílé: apá kan ga, apá kejì rẹlẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ, orí méjèèjì ṣí sílẹ̀, etí rẹ̀ ò sì dé ilẹ̀. Apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ òjò wá nìkan ni mo máa ń fà wálẹ̀ díẹ̀.

Má gbé bíríkì lé tapólìn mọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Tí atẹ́gùn bá gbé e, orí ẹni tó ń kọjá ni bíríkì yẹn máa bọ́ sí. Ojú ihò onírin tó wà létí rẹ̀ ni kí o ti so ó mọ́ pálẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má ra tapólìn búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, èyí tó jẹ́ giramu 80 ní mítà kan níbùú lóròó. Atẹ́gùn á ya á kíákíá. Wá èyí tó lé ní 200. Ní àwọn sáìtì ńlá, béèrè bóyá wọ́n fẹ́ èyí tí iná kì í ràn lára, tí wọ́n kọ LPS 1207 sí. Wọ́n lè ní kí o tú tirẹ̀ kúrò tí kò bá ní in.

Ìyá Ìbejì (London)

Ẹ kú àlàyé, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọmọ Ìlá, ọkọ mi, má sunkún. Iṣẹ́ yàrá ẹrù lèmi náà ń ṣe, ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni bébà tó ṣí kúrò lára páálí.

Bóòtù tó ń di ilé onírin mú, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló ń gbé e rìn. Nọ́ńbà tó wà lára páálí ló ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, ìgbà tí wọ́n ṣe é, àti irú agbára tó ní. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti sọnù, bóòtù lè máa dán bíi wúrà, ẹ́ńjíníà á ní kí ẹ gbé e kúrò níwájú òun. Nítorí náà, kí ẹrù tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tán, mo ti ya fọ́tò gbogbo nọ́ńbà sínú fóònù mi. Mo máa ń fi téèpù tó ń dán gbagbaa lẹ bébà náà mọ́lẹ̀ yíká, mo tún ń kọ nọ́ńbà kan náà sí bébà mìíràn, mo fi sínú ọ̀rá kékeré, mo jù ú sínú páálí. Èyí tó wà níta lè lọ, tinú á ṣẹ́ kù.

Ní ti páálí fúnra rẹ̀, má jẹ́ kó dá gbé ẹrù. Páálí bóòtù M20 (tó nípọn ní mílímítà 20) kan lè wúwo ju kílò 10 lọ, ẹ sì ń to mẹ́fà lé e lórí! Èmi máa ń kó wọn sínú àpótí pákó tí káfíńtà wa kàn fún mi: pílíwúùdù 18 mm, igi 2 x 2 ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú, ihò kéékèèké lára ògiri rẹ̀ méjèèjì lókè, ọmọrí rẹ̀ gùn jáde díẹ̀ kí omi má gba etí rẹ̀ wọlé. Ìdí àpótí ni mo ní kó fi skúrù kàn láti abẹ́, kì í ṣe ìṣó, torí ìdí ló ń kọ́kọ́ já. Tí kò bá sí pákó, fi téèpù gba ìdí páálí kọjá kó o sì tún fi dí etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Tí ẹ bá ń fi okùn onírọ́bà di páálí mọ́ pálẹ́ẹ̀tì, ẹ fi páálí líle onígun sí gbogbo igun, kí okùn má baà gé e wọlé.

Má sì ki àpótí náà títí èèyàn ò fi ní lè gbé e. Ìlànà HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́, ní kílò 25 fún ọkùnrin, 16 fún obìnrin, ìyẹn nígbà tí ẹrù bá wà nítòsí ara, ní ìbàdí. Tó bá wà nílẹ̀ tàbí lókè orí, kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ yìí, mi ò fẹ́ kó kọ́ ẹlòmíì.

Wẹ́ńdà, ọmọ Òṣogbo (Leicester)

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, torí mo rí i pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ omi nìkan.

Ní sáìtì tí mo wà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, inú kọ̀ǹténà la ń kó irin iṣẹ́ wa sí. Ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, òrùlé rẹ̀ ò jò. A tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí a padà dé lẹ́yìn ìsinmi Kérésì, gbogbo irin inú rẹ̀ ló ti dógùn-ún, títí kan ẹnu dírílì tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Èmi ni mo rí ohun tó fà á: kẹ́ẹ̀gì ásíìdì tí àwọn bíríkìlà fi ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lójú bíríkì. Ọmọrí rẹ̀ ò dé dáadáa. Èéfín rẹ̀ ló kún inú kọ̀ǹténà yẹn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí ásíìdì sùn sínú ilé kan náà pẹ̀lú irin.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sínú oògùn kòkòrò náà ńkọ́, tó ṣì tutù, tó ní àwọ̀ ewé? Ẹ má gbé bóòtù onísíńkì lé e. Bàbà inú oògùn yẹn ń jẹ síńkì. Pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lu HT sí lára ò ní ìṣòro yẹn, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Houston)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tiwa níbí yàtọ̀ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ wa wúwo fún omi bíi ti Èkó, oòrùn sì ń ta. Àpótí irin ńlá la ń lò, lọ́sàn-án inú rẹ̀ á gbóná, lóru á tutù, ọmọrí rẹ̀ á máa kán omi sínú ẹrù. Mo máa ń so àpò silica gel ńlá, àwọn kóró tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, sábẹ́ ọmọrí. Èyí tó ní àwọ̀ ọsàn ni mo ń rà, tó bá ti mumi yó, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà di ewé, mo á kó o lọ sílé yan nínú ààrò, mo á tún lò ó. Àpótí tó bá dé pinpin nìkan ló wúlò fún o. Lábẹ́ àtíbàbà ẹ̀gbọ́n wa ti Leeds, owó ẹ lo jù nù.

Láti oṣù kẹfà títí di ìparí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì líle wa. Tí wọ́n bá ti kéde ìjì, gbogbo tapólìn ló ń kúrò níta, ẹrù á wọlé.

Ọmọ Ìlá (Manchester)

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ẹ ṣé mà, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀gbọ́n Leeds, àwọn bóòtù funfun yẹn ńkọ́, ṣé kí n kó wọn dànù ni? Ọ̀rọ̀ owó-iṣẹ́ mi náà ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Leeds)

Má kó o dànù, má sì fún ẹnikẹ́ni lò. Yà wọ́n sọ́tọ̀, kọ ọ́ sára wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí o sì pe ẹ́ńjíníà. Tí ẹfun náà bá fẹ́lẹ́, búrọ́ọ̀ṣì oníláílọ́ọ̀nù líle lè gbọ̀n ọ́n kúrò, síńkì á sì ṣì wà lábẹ́. Àmọ́ bóòtù tí wọ́n máa ń fà le dé ìwọ̀n kan pàtó, òróró ara nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú ìṣirò. Tómi bá ti fọ òróró yẹn lọ, ìwọ̀n tí ẹ rò pé ẹ fà á dé kọ́ ló dé. Èmi àti ìwọ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pinnu ìyẹn.

Ní ti owó: òfin iṣẹ́ 1996 ní Britain sọ pé agbanisíṣẹ́ ò lè yọ irú owó bẹ́ẹ̀ àfi tó bá wà nínú àdéhùn rẹ, tàbí tí òfin bá gbà á láyè, tàbí tí o ti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí ọ̀ràn náà tó ṣẹlẹ̀. Wo ìwé tí o fọwọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé adáṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ ẹ́ sí, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Pe Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn. Má fọwọ́ sí ìwé kankan lónìí torí ìbẹ̀rù.

Ọmọ Ìlá (Manchester)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo yẹ ìwé mi wò, kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, ó ní òun á bá ọ́fíìsì sọ ọ́. Ẹ́ńjíníà gba páálí mẹ́sàn-án, ó dá ìyókù padà.

Mo ti kọ́ àtíbàbà náà. Òjò rọ̀ láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀. Lówùúrọ̀ yìí mo ki ọwọ́ bọ àárín páálí méjì ìsàlẹ̀, ó gbẹ táútáú. Igun kan ṣoṣo ló tutù díẹ̀, níbi tí tapólìn ti sọ̀ tó kan páálí òkè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Leeds)

Omi ló ń dúró lójú ibẹ̀. Gbé igi kan sí i lábẹ́ kó lè nà, kí o sì tún okùn apá yẹn fà kó tó di pé wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́ lónìí. Atẹ́gùn ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀.