Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ìgbàlódé, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, London:
Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí. Gbígbé wọn sórí bẹ́ẹ̀dì ló ba ẹ̀yìn mi jẹ́. Tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún ló yọ, ó wá ń tẹ iṣan. Á ta mí láti ìdí títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì, bí iná.

Wọn ò kùn mí lóorun pátápátá o. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú ni wọ́n gún sí mi lẹ́yìn, pẹ̀lú oògùn tó ń mú ojú wúwo, wọ́n dá mi dojú bolẹ̀. Ihò tí wọ́n lu ò fẹ̀ tó ìka mi. Ọ̀pá tín-ín-rín tó ní kámẹ́rà lẹ́nu ni dókítà tì wọlé, ojú tẹlifíṣọ̀n ló sì ń wò tó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá ta mí, kí n sọ. Ó ta mí lẹ́ẹ̀kan, mo ké "Yéè!", ó yí ọwọ́ padà. Nígbà tó parí, ó fi ohun tó yọ hàn mí nínú ìgò: funfun, rírún-rírún, bí ẹran akàn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ sílé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bándéèjì mi ò ju èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orúnkún ọmọdé. Ta ló máa gbà pé mo ṣe iṣẹ́ abẹ? Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé, wọ́n ní ṣé kò sí iyán nílé ni.

Bàbá Tọ́lá, Houston:
Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ṣe tèmi. Kò gbé ọ̀bẹ o! Dókítà ti fi kọ̀ǹpútà wo àwòrán eegun mi, ó ti yan ojú ọ̀nà síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fẹ́ fi de eegun ẹ̀yìn mi. Apá ẹ̀rọ yẹn kàn dúró gbọn-in síbẹ̀, ó ń júwe ọ̀nà. Dókítà fúnra rẹ̀ ló lu ihò. Láti 2004 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ tí àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe. Àmọ́ ìrora ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́.

Àdùkẹ́, Ìbàdàn:
Bàbá mi ṣe tiwọn ní 1998. Àpá náà gùn ju ọwọ́ mi lọ, wọ́n sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì sí wọn létí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Tèmi dáa jù. Kò sẹ́ni tó ní kí n wá gúnyán."